Ohun tí mo ti kọ́ nídìí wíwọn igun pẹ̀lú iná àti dígí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan tó wà lọ́kàn mi kí n tó gbàgbé. Nínú gbogbo nǹkan téèyàn ń wọ̀n, igun nìkan lèmi mọ̀ tí ò gba kéèyàn lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá tépù ẹ péye, àfi kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù tó dáa jù ú lọ, ìyẹn náà á ní tiẹ̀ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi dé òkè òkun. Ti òṣùwọ̀n ọjà, gbogbo wa la mọ ẹjọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n róbótó kan, 360 dígírì ni, tó o bá ti yí nǹkan títí tó fi padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, o ti pé e nìyẹn, àṣìṣe yòówù kó wọlé lápá kan, ó gbọ́dọ̀ jáde lápá kejì. Ọ̀rọ̀ yìí kéré létí àmọ́ òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí dúró.

Iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ ni mo ń ṣe, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọ̀hún, ṣebí inú ọgbà OAU ni ilé ẹ̀kọ́ RECTAS wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1972, AFRIGIST ni wọ́n ń pè é báyìí, àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló ti wá kọ́ yíya máàpù níbẹ̀. Èmi ò gba ibẹ̀ kọjá o, abẹ́ agbòòrùn ni mo ti kọ́ tèmi, mo sì fẹ́ sọ ti agbòòrùn yẹn tó bá yá torí ó lẹ́jọ́ nínú.

Ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan tá à ń sọ ṣe kéré tó. Dígírì kan, mínítì 60 ló wà nínú ẹ̀, mínítì kan, sẹ́kọ́ńdì 60, ti igun ni o, kì í ṣe ti aago, tó o bá wá ṣírò ẹ̀, sẹ́kọ́ńdì 1,296,000 ló wà nínú róbótó kan ṣoṣo. Òpá Ọ̀rànmíyàn ga tó mítà márùn-ún àbọ̀, tó bá ṣeé ṣe láti dúró sí ìwọ̀n kìlómítà kan kéèyàn máa wò ó, látìdí dé orí ẹ̀ ò ní ju mínítì 19 lọ lójú awò tá a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Sẹ́kọ́ńdì kan wá ńkọ́? Ní kìlómítà kan náà, kò tó mìlímítà márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́kọ́ńdì kan, ó ń gbìyànjú láti sọ fún ẹ bóyá nǹkan tó wà lọ́hùn-ún yẹn ti sún ní ìwọ̀n ẹnu bírò tàbí kò sún. Nígbà tí Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rò pé ó kàn ń fọ́nnu ni.

Ẹ̀rọ tó fi kọ́ mi, ọ̀kan lára àwọn theodolite onígíláàsì àtijọ́ ni, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn igun, irú Wild T2, kò lo bátìrì, kò ní skríìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí total station, ẹ̀rọ oníbátìrì òde òní tó ń gbé nọ́ńbà jáde fúnra ẹ̀, ẹ lè má tíì rí inú ẹ̀ rí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Dígí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó o máa ṣí sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wà, ìmọ́lẹ̀ yẹn á gba inú ẹ̀rọ lọ bá àwo róbótó kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lọ, tí wọ́n ti fa àwọn ìlà tín-ín-rín sí yípo etí ẹ̀. O wá fi ojú sí awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ńlá, o máa rí ìlà méjì-méjì, àwọn kan lókè àwọn kan nísàlẹ̀, wọn ò ní ṣe déédéé ara wọn. Kókó kan wà tó o máa fi ìka yí, bó o ṣe ń yí i ni ti òkè ń lọ sápá kan tí ti ìsàlẹ̀ ń lọ sí òdìkejì, tí wọ́n á sì bá ara wọn mu ṣọ̀kan bíi pé ìlà kan náà ni, ibẹ̀ lo máa ti ka sẹ́kọ́ńdì. Tó o bá ti yí i díẹ̀ jù, o máa rí i pé ìlà yẹn já. Ojú èèyàn mọ ìlà tó já ju bó ṣe mọ nǹkan míì lọ, ìyà á jẹ ẹ́ láti sọ bóyá ìlà kan wà ní àárín méjì gan-an ṣùgbọ́n kò ní ṣòro fún un láti sọ pé ìlà méjì ò ṣe déédéé.

Ohun tó jẹ́ kó dáa nìyí. Àwọn ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe láti ibì kan náà lára àwo, òdìkejì ara wọn ni wọ́n wà, ìkan ní 0 ìkejì ní 180. Torí kò sẹ́ni tó lè gbé àwo sí àárín ọ̀pá tó ń yí lé lórí láìyẹ̀ rárá. Tó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n 0.01 mìlímítà péré, ká ní ẹ̀gbẹ́ kan lò ń kà, ó lè ṣi ẹ́ lọ́nà tó sẹ́kọ́ńdì 45. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe fi kún un lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀ náà ló máa yọ ọ́ kúrò lápá òsì, tó o bá wá kà méjèèjì pọ̀, wọ́n ti pa ara wọn. Heinrich Wild, ará Switzerland, ló gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní àwọn ọdún 1920. Ṣáájú ẹ̀, ní 1787, Jesse Ramsden ṣe theodolite ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi so Greenwich pọ̀ mọ́ Paris, àwo ẹ̀ fẹ̀ tó 91 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo ẹ̀ wúwo tó 90 kílò! Ẹ wo ẹni tó máa gbé ìyẹn gun orí òkè. Torí nígbà yẹn, tó o bá fẹ́ ka igun tó kéré àfi kí àwo tóbi. Iná, lẹ́ńsì àti gíláàsì ló bá wa sọ ọ́ di nǹkan téèyàn lè gbé kọ́ èjìká.

Ọ̀gá ò jẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ kan wo nǹkan láéláé. Tá a bá ti wo bíkìn kan, ìyẹn òpó tá a fi sàmì sí ilẹ̀, tán ní face left, ìyẹn ojú àkọ́kọ́ ẹ̀rọ, á ní "yí i padà jàre", a máa yí awò dorí kodò, a máa yí gbogbo ẹ̀rọ 180, a máa tún un wò ní face right. Mo máa ń rò pé torí kó má bàa dà bíi pé a ò ṣiṣẹ́ tó ni. Àṣé awò yẹn, ìlà àgbélébùú inú ẹ̀ kì í sábà wà ní orígun gan-an sí ọ̀pá tó gbé e, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó, tó bá yẹ̀ sọ́tùn-ún ní face left, yóò yẹ̀ sósì ní face right, ìwọ̀n kan náà. Fi méjèèjì sọ́nà kan, pín in sí méjì, àṣìṣe ti lọ. Ọ̀pá tí awò ń yí lé lórí náà, tó bá tẹ̀ díẹ̀, òun náà á lọ. Ẹ̀rọ tí ò dáa púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yí i padà, mo máa fọkàn tán an ju ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú.

Àmọ́ nǹkan méjì wà tí ò gbọ́ òògùn yìí o. Àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ò bá dúró ṣánṣán, yí i padà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò kàn án, torí ìdúró ẹ̀ ò yí padà. Ìdí tí agbòòrùn fi wà nìyẹn. Oòrùn á pa ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn, á gbóná, á gùn díẹ̀, omi inú ìgò kékeré tó ń sọ bó ṣe dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Torí náà ọmọ kan gbọ́dọ̀ máa di agbòòrùn mú, agbòòrùn ọ̀hún kì í ṣe ti Ọ̀gá, kì í ṣe ti ọmọ, ti ẹ̀rọ ni. Àwọn tó ń kọjá ní ọ̀nà Òǹdó máa ń fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ wo èèyàn tó ń sun nínú oòrùn tó ń dáàbò bo irin. Ìkejì ni afẹ́fẹ́. Tó o bá wo nǹkan gba orí páànù tàbí orí ọ̀dà títì láago méjì ọ̀sán, ohun tó ò ń wò á máa jó, kì í sì í ṣe pé ó ń jó nìkan, ó lè tẹ̀ sápá kan kó sì dúró síbẹ̀, o ò sì ní mọ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ ju kó o tètè jí lọ, tàbí kó o dúró di ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó tún pọ̀ níbí ni ti inú àwọn agboolé. Ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ ní àwọn àdúgbò tó wà nítòsí Ẹnuwá yóò mọ̀, ilé fún mọ́ra, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, o lè má rí ju mítà 20 lọ níwájú kí ògiri tó dí ẹ lójú. Níbẹ̀, ẹ̀rọ oní sẹ́kọ́ńdì kan ò lè gbà ẹ́. Tí ẹ̀rọ bá yẹ̀ kúrò lórí ìṣó tó yẹ kó wà ní mìlímítà kan péré, ní mítà 100 sẹ́kọ́ńdì méjì ni, ní mítà 20 ó di mẹ́wàá. Àwọn kan sì máa ń wo ọ̀pá tó sanra, wọ́n á ní àwọn wo àárín ẹ̀. Àwa okùn la máa ń wò, okùn tín-ín-rín tí irin wúwo so mọ́ nídìí bíi ti bíríkìlà, ọmọ á gbé bébà funfun sẹ́yìn ẹ̀ kó lè hàn. Ní ibi tí ojú ò ti jìnnà, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tó di okùn mú ló pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ, mo sì máa ń sọ fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn náà ń wọn igun.

Ọ̀rọ̀ dígí ni mo fẹ́ dé báyìí, torí òun ni mo fẹ́ràn jù.

Bọ̀ọ̀dá kan wà tó jẹ́ tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sí ibi tá a máa ń gbà lọ sí Iléṣà, ó máa ń gé gíà fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gààrì àti ẹ̀rọ ẹ̀kùrọ́. Ó ra dividing head tọ́kunbọ̀ kan, nǹkan tó fi ń pín róbótó sí ọgbọọgba kó tó gé eyín gíà, ọwọ́ ẹ̀ tó o bá yí i nígbà 40 ni orí ẹ̀ máa yí ẹ̀ẹ̀kan. Ó wá bi mí léèrè, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọn igun, ẹ bá mi wò ó bóyá wọn ò tàn mí." Mo ní kò burú.

Ọgbọ́n tí mo lò ti pẹ́ láyé. Tí iná bá bọ́ sára dígí tí dígí bá yí ní ìwọ̀n kan, iná tó padà á yí ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn. Poggendorff, ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti fi wọn nǹkan ní 1826, Gauss náà lò ó lẹ́yìn ẹ̀ fún mágínẹ́ẹ̀tì. Ìtànṣán iná ò wúwo, kì í tẹ̀ bí ọ̀pá gígùn, o lè jẹ́ kó gùn tó bó o bá ṣe fẹ́. Ní mítà mẹ́fà, tí àmì iná bá sún mìlímítà kan lára ògiri, dígí ti yí ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 17. Láti ara laser olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni o! Ẹ má ṣá tan án sójú ara yín, ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, torí iná tó bá ara dígí padà ò yàtọ̀ sí èyí tó ti inú ẹ̀ jáde.

Dígí tó wà nílé ò dáa fún un. Ẹ̀yìn gíláàsì ni fàdákà ẹ̀ wà, torí náà iwájú gíláàsì á dá iná díẹ̀ padà, ẹ̀yìn á dá èyí tó kù padà, àmì á di méjì tàbí mẹ́ta. Inú ẹ̀rọ fọtokọ́pì tó ti kọ̀ndẹ́m ni mo ti yọ tèmi, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó wà lábẹ́ gíláàsì ńlá yẹn, iwájú ni fàdákà wọn wà, wọ́n tẹ́jú dáadáa. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì tó báyìí, dígí ò lè wọ́n wa. Ẹ kàn má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi aṣọ nù ún, fàdákà á bá aṣọ lọ.

A gbé dividing head yẹn dúró kí orí ẹ̀ kọjú sókè, a fi dígí sí àárín ẹ̀ gan-an lórí irin kékeré kan tó ní ìdè tiẹ̀, tá a fi lè yí dígí láìyí orí ẹ̀rọ. A de laser mọ́ fáìsì orí tábìlì míì, mo tú lẹ́ńsì iwájú ẹ̀ díẹ̀ títí àmì ẹ̀ fi kéré lára ògiri. Bọ̀ọ̀dá rò pé mo máa wọn dígírì 15 lára ògiri ni, ó ti ń wá tépù. Mo ní rárá, a ò nílò láti mọ iye tó jẹ́.

Bá a ṣe ṣe é nìyí. A yí dígí títí iná fi bọ́ sí àmì kan lára ògiri, ẹ jẹ́ ká pè é ní àmì òsì. A dè é. Bọ̀ọ̀dá wá yí ọwọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ẹ̀kan, ó fi ihò 10 kún un lórí àwo tó ní ihò 15 yípo, ìyẹn máa ń fún wa ní ìdá kan nínú 24 róbótó, dígírì 15 nìyẹn, iná fò lọ sí ọ̀tún, mo fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn a tú dígí nìkan, a yí i padà kí iná padà sí àmì òsì gan-an, a dè é, ó tún yí ọwọ́ ẹ̀rọ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo tún sàmì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ẹ̀rọ fi yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmì 24 lọ́tùn-ún, wọn ò bọ́ síbì kan náà, wọ́n tú ká díẹ̀. Báyìí o, torí gbogbo ẹ̀ papọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 360, àárín gbogbo àmì yẹn ni dígírì 15 gidi wà, yálà mo mọ bí ògiri ṣe jìnnà sí àmì òsì tàbí mi ò mọ̀. Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan bá fi jìnnà sí àárín yẹn ni àṣìṣe ẹ̀rọ níbẹ̀. A ò yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó jìnnà jù jìnnà tó mìlímítà mẹ́rin, nǹkan bíi mínítì kan. Bọ̀ọ̀dá ní "Mínítì kan, kí ni ìyẹn?" Mo ní ẹ dúró ná. Nígbà tá a tò wọ́n sórí bébà, wọn ò tú ká wúruwùru, ńṣe ni wọ́n ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ fún ìdajì róbótó, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìdajì tó kù. Ó túmọ̀ sí pé gíà ńlá inú ẹ̀rọ yẹn ò sí láàárín, àìsàn kan náà tí mo sọ nípa àwo gíláàsì. Bó ṣe ń ṣàṣìṣe sápá kan náà ní ìgbésẹ̀ 12 léraléra, ó ń kó ara ẹ̀ jọ, tó o bá ro wọ́n pọ̀ ó ń sún mọ́ mínítì mẹ́sàn-án láti ìhà kan sí ìhà kejì. Fún gíà tí eyín ẹ̀ jìnnà mìlímítà 100 sí àárín, ìyẹn tó ìdá mẹ́rin mìlímítà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ẹ̀rọ gààrì ò ní mọ̀, gíà inú bọ́ọ̀sì nìkan ni òun ò ní fi gé mọ́. Mo rò pé ìdájọ́ tó dáa nìyẹn, torí kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń bi èèyàn ní sẹ́kọ́ńdì.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dí wa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yẹn o, torí gbogbo ìgbà tó bá wà lórí, àmì iná á máa gbọ̀n lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnikẹ́ni bá rìn kọjá. A lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa pa á fún ìgbà díẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó.

Ọ̀nà tó tún dáa jù ìyẹn lọ wà, tí ò nílò ògiri rárá, theodolite fúnra ẹ̀ lo máa lò. Gbé awò ẹ̀ sí ibi tó máa ń wà tó o bá ń wo ibi tó jìnnà réré, kọ ojú ẹ̀ sí dígí, wá mú gíláàsì pẹlẹbẹ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń bo nǹkan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, gbé e dábùú ẹ̀yìn awò níbi tó o máa ń fi ojú sí, ní dígírì 45, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ sí i. Iná á gba inú awò lọ, á lọ bá dígí, á padà. Tí dígí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ẹ gan-an, o máa rí ìlà àgbélébùú méjì, èyí tó wà nínú awò àti òjìji ẹ̀ tó ti ara dígí padà wá, dúdú láàárín ìmọ́lẹ̀. Yí awò díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gun orí ara wọn, o wá ka igun lára ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo pariwo. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí dígí bá jìnnà tàbí ó sún mọ́, kíkà ẹ̀ ò yí padà, bí dígí ṣe kọjú nìkan ló ń sọ, kò bìkítà ibi tó wà. Iṣẹ́ tí autocollimator tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé ìwọ̀n ńláńlá ń ṣe náà nìyẹn, tiwọn kàn ní lẹ́ńsì tó dáa àti kámẹ́rà. Tí lẹ́ńsì bá jẹ́ oní mìlímítà 300, tí dígí yí ní sẹ́kọ́ńdì kan, àwòrán tó padà á sún ní ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, tó fẹ́ẹ́ kéré díẹ̀ sí i. Èyí ni kámẹ́rà ń rí.

Nísinsìnyí total station la ń lò jù, ó ń fúnni ní nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Èyí tó dáa nínú wọn náà ṣì ń ka àwo láti òdìkejì ara wọn, iná àti sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ojú nínú ẹ̀. Ó tún máa ń ṣàtúnṣe fún ìdúró ẹ̀ tó bá tẹ̀ díẹ̀. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò ṣe yí i padà mọ́, face left nìkan ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ṣì ń yí i. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wo ohun kan tó jìnnà ní ojú méjèèjì, mo máa ń kọ ìyàtọ̀ wọn sínú ìwé kékeré kan, torí lẹ́yìn tó o bá ti yọ 180 kúrò, ìyàtọ̀ yẹn ni ìlọ́po méjì bí ìlà àgbélébùú ṣe yẹ̀. Kò ní kó jẹ́ òdo, kó ṣá ti jẹ́ iye kan náà lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fò sókè lójijì, mo bi ọmọ tó gbé e wá, ó ní kò sí nǹkan kan sà, pé ọ̀kadà wọn kàn bọ́ sí kòtò díẹ̀ ní Lágéré, ẹ̀rọ ò sì jábọ́ rárá. Mo yí àpótí ẹ̀ padà, etí ẹ̀ kan ti fọ́.